Rahimath àti Irin Tí Kò Mọ Títẹ̀

Bí o bá gbé irin burúkú tọ Rahimath lọ ní Bantè, kò ní bá ọ jà. Yóò wo irin náà, yóò wo ìwọ náà, yóò wá pòṣé. Mo mọ àwọn àgbààgbà ọkùnrin, àwọn tó kọ́ ilé alájà sí ìgboro, tí òṣé yẹn lé jáde ní ibi iṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n há irin wọn mọ́ abíyá bí ẹni ń gbé òkú ajá lọ sínú igbó. Síbẹ̀ wọ́n á padà wá. Láti ìlú wa títí dé Savalou, kò sí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó lè yí irin bíi tirẹ̀. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Zoubérou ni bàbá rẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ ní katakata ní àdúgbò wa. Ìyàwó méjì ló fẹ́. Ìyáálé bí Fataou. Ìyàwó kejì, ọmọ Tchetti, bí Rahimath nìkan. Zoubérou rán Fataou lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Savalou. Ó pẹ́ níbẹ̀, ohun tó sì mú bọ̀ kò ju bàtà tó ń dán àti Faransé díẹ̀ lọ. Rahimath ní tirẹ̀ ní iṣẹ́ irin lòun fẹ́ kọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mú un lọ bá Étienne, ọmọ Mahi kan tó ní tuúù ní Savalou, ìyẹn ẹ̀rọ tó máa ń yí irin bìrìbìrì kí ọ̀bẹ lè fá a bí ẹni fá orí.

Nígbà tí Zoubérou kú, mọ̀lẹ́bí pín ogún. Fataou gba katakata àti rẹmọ́ki, kẹ̀kẹ́ ẹrù ńlá tí katakata máa ń fà lẹ́yìn. Wọ́n fún Rahimath ní tuúù ògbólógbòó kan tí bàbá rà lọ́wọ́ ẹni tó ń kógbá sílé, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi ṣe nǹkan kan. Adìẹ ń yé sí abẹ́ rẹ̀.

"Ẹni tó fẹ́ irin, irin rèé," ni Fataou wí, gbogbo ilé sì rẹ́rìn-ín.

Rahimath lé adìẹ, ó fọ ẹ̀rọ, ó sì ṣí ibi iṣẹ́ sí etí ọ̀nà tó lọ sí Akpassi. Ó ti fẹ́ ọkọ kan rí ní Savalou. Ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ọkùnrin náà dà bí ìṣó tí òòlù ti tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí kò ṣeé kàn mọ́ ibì kankan mọ́.

Nílẹ̀ wa, àbúrò kì í pe ẹ̀gbọ́n ní "ìwọ", ì báà jẹ́ ọbàkan. Rahimath kò pe Fataou ní "ìwọ" rí. Gbogbo ẹ̀gàn tó ní fún un, inú "ẹ" ló máa ń dì í sí. Kò sì sí ohun tó ń fa ẹ̀gàn yẹn jáde bí ọ̀pá kan tí kò gùn ju apá ọmọdé lọ, ọ̀pá tó so rẹmọ́ki mọ́ katakata.

Wò ó báyìí. Katakata ní irin pẹlẹbẹ méjì lẹ́yìn, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Rẹmọ́ki ní ọ̀kan níwájú, tí wọ́n ń ti bọ àárín méjì yẹn. Gbogbo wọn ló ní ihò, inú ihò wọn ni ọ̀pá náà gbà kọjá. Katakata ń fà síwájú, ẹrù ń fà sẹ́yìn, ọ̀pá wà láàárín. Ohun tí àlùmọ́gàjí ń ṣe fún òwú ni àwọn irin pẹlẹbẹ wọ̀nyí ń ṣe fún ọ̀pá náà láti àárọ̀ títí di alẹ́. Wọn kò fà á gùn, wọn kò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n ń fẹ́ gé e ni.

Kí ni Fataou wá ń fi sí irú ibẹ̀? Irin kọ́nkéré. Ó ń bẹ àwọn mọlémọlé, ó ń gé èyí tó kù nílẹ̀, ó ń kì í bọ ihò. Bó bá tẹ̀, á jù ú nù, á gé òmíràn, bí ẹni ń pààrọ̀ pákò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o," Rahimath á wí, á kúnlẹ̀ díẹ̀ bó ti yẹ. "Ṣé ilé lẹ fẹ́ kọ́ sẹ́yìn katakata ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí dun Fataou. Nígbà tí àsìkò kajú ń bọ̀, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Pàrákú, ó sì ti ibẹ̀ mú ọ̀pá kan bọ̀ nínú aṣọ funfun. Ínọ́kìsì ni. Ó dán débi pé o lè fi í wo eyín rẹ. Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń mu kọfí ní Bantè ló gbé e dé. Ẹni tó tà á fún un ti sọ pé irú irin tí wọ́n ń lò ní ilé ìwòsàn ni, pé títí ayé yóò fi parẹ́ kò ní dípẹtà. Àwọn ènìyàn ń fọwọ́ kàn án bí ọmọ tuntun. Ẹni tó bá ra irin nítorí pé ó ń dán, mi ò mọ ohun tí à bá pè é, ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀ ní ìlú wa.

Níkẹyìn ó gbé e dé ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀.

"Wò ó," ó ní. "Irin àwọn dókítà. Kì í dípẹtà láéláé."

Rahimath fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó gbé e sókè, ó wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Díńgí mi ti fọ́ láti àná."

"Kúróòmù ló wà nínú rẹ̀, èròjà tí o ní ó ń mú irin le! Ìwọ tí o máa ń fi kúróòmù da wá láàmú."

"Ó wà níbẹ̀, mi ò jiyàn. Wọ́n dà á sí i lọ́pọ̀lọpọ̀ kó má baà dípẹtà. Èyí tó wà nínú ṣáfùtù, ọ̀pá tó ń yí táyà ọkọ̀ akẹ́rù, díẹ̀ ni, kí iná lè mú un le. Ṣé ìpẹtà ló ń tẹ ọ̀pá yín? Eléyìí, ẹ fi í sínú iná títí di ọ̀la, ẹ rì í sínú omi, kò ní le ju bó ti wà yìí lọ. Irin ìdáná ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi ro ọbẹ̀."

"Ẹnu rẹ ló dípẹtà," ni Fataou wí, ó dì í padà sínú aṣọ, ó sì lọ.

Ọ̀pá náà ṣe iṣẹ́. Ó ṣe é dé ìdajì àsìkò. Lẹ́yìn ìyẹn ó bẹ̀rẹ̀ sí í nira láti yọ, Fataou ń fi òòlù kékeré lù ú. Nígbà tó yá, òòlù ńlá. Ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́ tán, ó ti tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó jù ú sínú koríko. Rahimath lọ wá a níbẹ̀, ó fi wáyà gbé e kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ rẹ̀, níbi tí gbogbo ẹni tó ń ti Akpassi bọ̀ yóò ti rí i. Bí wọ́n bá bi í pé kí nìyẹn, á ní, "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Pàrákú ni. Kò tíì pọ́n."

Ìlú rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Fataou bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà ẹ̀yìn kó má baà kọjá níwájú ibẹ̀.

À bá ní Rahimath fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gàn kì í yó. Rahimath fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa gbé irin òun kiri lẹ́yìn katakata, kí gbogbo ayé máa rí i, kó sì gbẹ́nu dákẹ́. Ó ránṣẹ́ pè é pé òun yóò ṣe ọ̀pá kan fún un. Kajú ti pọ̀ nílẹ̀ ní Akpassi, irin kọ́nkéré ń tẹ̀ lójoojúmọ́, Fataou kò lè kọ̀. Ó wá.

Rahimath yan irin náà dáadáa, kí a sọ òtítọ́. Ṣáfùtù ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ṣubú lọ́nà Koko ni. Ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀, ó dún gbọnnn bí agogo. Irin kọ́nkéré kì í dún, ńṣe ló máa ń ṣe pọ̀ bí ìṣáná tó bọ́ sínú omi. Ó fi í kan òkúta ìpọ́nrin tó ń yí, ó wo bí iná rẹ̀ ṣe ń ta pàrà, ó mi orí. Ó fi tuúù fá a, ó wọn ihò, ó tún ihò tó ti fẹ̀ ṣe, kí ọ̀pá má baà máa gbọ̀n nínú wọn. Títí dé ibẹ̀, Étienne fúnra rẹ̀ kò ní rí nǹkan kan sọ.

Ó wá ku iná. Ohun tí Étienne kọ́ ọ ni pé kí o mú irú irin bẹ́ẹ̀ pọ́n nínú iná, kí o rì í sínú epo, má ṣe sínú omi. Lẹ́yìn náà kí o dá a padà sínú iná tó rọra ń jó, kí o máa wo àwọ̀ rẹ̀. Yóò pọ́n bí koríko gbígbẹ, yóò di aró. Bí aró bá ti kọjá lọ, tó di àwọ̀ eérú, kí o jẹ́ kó jóná díẹ̀ sí i, kí o tó yọ ọ́. Èyí yóò gba díẹ̀ nínú líle rẹ̀, yóò sì fún un ní agbára láti fara da fífà àti lílù.

Rahimath mú un pọ́n. Omi ló wà nítòsí, omi ló rì í sí. Nígbà tó yọ ọ́, ó mú ayùn tí wọ́n fi ń ha irin, ayùn náà sì yọ̀ lára rẹ̀ bí èékánná lára gíláàsì. Àwọn ènìyàn ti péjọ. Ó na ayùn náà sí Fataou.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ha á."

Fataou ha á. Ó tún ha á. Ayùn ń yọ̀, kò sí ojú àpá kankan.

Ó yẹ kó dá irin náà padà sínú iná. Ó mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ti ya gbogbo ènìyàn, Fataou mú ayùn lọ́wọ́ bí ọ̀dọ́ tí wọ́n bú, ta ni yóò wá mú irú líle bẹ́ẹ̀, tí yóò tún máa rọ̀ ọ́? Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìbẹ̀rù àgbà ló ń ṣe Étienne. Ọkùnrin tó máa ń de bẹ́líìtì méjì mọ́ ṣòkòtò kan.

"Ó dúdú bí ìdí ìkòkò," ni Fataou wí, kó lè rí nǹkan kan wí.

"Ìdí ìkòkò ló ń gbé iná, Ẹ̀gbọ́n. Ọmọrí ló ń dán."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Fataou gbé ọ̀pá dúdú náà lọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Fataou ń bọ̀ láti Akpassi ní òwúrọ̀ kan, àpò kajú kún rẹmọ́ki dé òkè. Gédéon, alágbàrù kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, ló jókòó sórí àpò, bí àwọn alágbàrù ti máa ń ṣe. Wọ́n ń gun òkè. Táyà bọ́ sínú kòtò, rẹmọ́ki fà pàà, wọ́n sì gbọ́ ìró kan bí ìbọn. Katakata fò síwájú bí ẹni tí wọ́n tú okùn lọ́rùn rẹ̀. Rẹmọ́ki bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sísàlẹ̀, ó yà kúrò lọ́nà, ó dojú dé sínú kòtò ojú àgbàrá. Gédéon ti fò sílẹ̀, ṣùgbọ́n àpò ya lé e lórí. Egungun itan rẹ̀ ṣẹ́.

Nígbà tí alùpùpù gbé Rahimath débẹ̀, wọ́n ti gbé Gédéon lọ sí Savalou. Àwọn obìnrin ń ṣa kajú nínú koríko. Rahimath gba àárín wọn kọjá. Ó wá ọ̀pá náà. Ìdajì wà nínú ihò katakata, ìdajì wà nínú eruku. Ojú ibi tó ti já ń tàn wínníwínní bí ṣúgà. Ó fi ìdajì kan ìdajì, wọ́n bá ara wọn mu bí àwo tó fọ́. Kò tẹ̀ rárá, kò tẹ̀ bí irun orí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Pàrákú tí òun fi ṣe yẹ̀yẹ́ ti ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń pariwo fún ẹni tó bá ní ojú pé agbára òun fẹ́ tán. Tirẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ó le títí ó fi já.

Fataou jókòó sórí òkúta.

"Ọ̀nà ni," ó ní. "Kòtò yẹn ni. Irin rẹ dára, kí n sọ òótọ́. Kò sí irin tí kòtò yẹn kò ní já."

Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tó máa yin iṣẹ́ rẹ̀. Rahimath wò ó. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun kò kẹ́gàn ẹ̀gbọ́n òun rí tó ti ọjọ́ yẹn. Ọkùnrin tí irin àbúrò rẹ̀ fẹ́ẹ̀ pa, tí kò tilẹ̀ mọ ẹni tí ó yẹ kó dá lẹ́bi! Ì bá rọrùn kó gbẹ́nu dákẹ́. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ tó lè mọ̀.

"Ẹ dákẹ́, Ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Kì í ṣe kòtò. Èmi ni. Mo mú un le jù."

"Irin a máa le jù?"

"A máa le jù. Bí àwo."

Fataou ní, "Ṣé o mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Ọ̀gá mi kọ́ mi ní ohun tó yẹ kí n ṣe. Mo fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀."

Fataou tutọ́ sílẹ̀, ó dìde, ó sì lọ bá àwọn tó ń ṣa kajú. 

Rahimath lọ sí Savalou, ó ru iṣu nínú agbọ̀n. Abigaïl, ìyàwó Gédéon, ló dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá ilé ìwòsàn, ó we gèlè funfun.

"Ẹ gbé iṣu yín padà," ni Abigaïl wí. "A ní iṣu."

"Mo wá kí i ni."

"Ẹ ti kí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́ ọ."

Rahimath kò kúrò lójú kan.

"Wọ́n ní ẹ máa ń pòṣé sí àwọn ènìyàn," ni Abigaïl tún wí. "Ẹ pòṣé kí n gbọ́."

Láti inú yàrá, Gédéon ní, "Abigaïl, jẹ́ kó wọlé."

"Kò ní wọlé."

Kò sì wọlé. Ó gbé iṣu rẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ Étienne lọ, nítorí ìlú kan náà ni. Bàbá náà jókòó nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ yí i ká. Rahimath fi ìdajì ọ̀pá náà lé e lọ́wọ́. Étienne fi àtàǹpàkò pa ojú ibi tó ti já, kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ṣé mi ò kọ́ ọ ni?"

"Ẹ kọ́ mi, Ọ̀gá."

"Kí ló wá dé?"

"Mo rò pé ìbẹ̀rù ni."

Étienne sọ ọ̀rọ̀ kan ní èdè Mahi tí àwọn ọmọ iṣẹ́ fi dojú bolẹ̀. Ó mú irin kan jáde, ó gé e sí méjì, ó ní kí Rahimath ṣe gbogbo rẹ̀ lójú òun bí ẹni tó dé ibi iṣẹ́ lónìí. Ó ṣe é. Ó mú méjèèjì pọ́n, ó rì wọ́n sínú epo, ó dá ọ̀kan padà sínú iná, ó ń wo àwọ̀ rẹ̀ títí aró fi kọjá lọ, tó di eérú. Nígbà tí wọ́n tutù, Étienne fi wọ́n há ẹnu irin ìdìmú, ó sì gbé òòlù fún un. Èyí tí kò padà síná, ẹ̀ẹ̀kan ló lù ú, ó fò já. Èkejì, ó lù ú títí apá fi ń ro ó. Ó tẹ̀ díẹ̀, kò já.

"Irin tó máa dójú ti ẹ̀gbọ́n rẹ ni ìwọ ń wá," ni bàbá náà wí. "Irin tó máa fa ẹrù ni mo kọ́ ọ láti ṣe. Gbé iṣu yẹn fún ìyàwó mi, kí o sì máa lọ."

Ó padà sí Bantè. Nínú ìyókù ṣáfùtù Koko ló ti yí òmíràn, ó fún iná ní àkókò rẹ̀. Ó mú un lọ bá Fataou, òun pẹ̀lú ṣéènì nípọnnípọn kan.

"Ṣéènì fún kí ni?" ni Fataou béèrè.

"Ẹ ó so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá, láti katakata dé rẹmọ́ki. Bí ọ̀pá bá já, ṣéènì á dì í mú."

"Ṣé o ò gbẹ́kẹ̀ lé irin rẹ mọ́ ni?"

"Ẹ̀yin ni mi ò gbẹ́kẹ̀ lé, Ẹ̀gbọ́n."

Fataou so ó. Ọ̀pá náà ti wà níbẹ̀ láti ìgbà náà, kò tẹ̀, kò já, ibi tí àwọn irin ń há a nìkan ló ti ń dán. Gédéon ń fi ọ̀pá rìn. Kò gun rẹmọ́ki mọ́. Ní Akpassi ló ti ń wọn àpò kajú fún àwọn oníṣòwò. Ó máa ń kí Rahimath bó bá ń kọjá. Abigaïl kì í kí i.

Ìwà Rahimath kò yí padà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ṣùgbọ́n bí o bá ní kó ṣe ọ̀pá fún ọ báyìí, méjì ló máa ṣe láti ara irin kan náà, á sì fi òòlù ba ọ̀kan jẹ́ lójú rẹ kó tó fún ọ ní èkejì. Àwọn kan ní ìfiṣòfò ni, wọ́n ń lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kì í pè wọ́n padà.

Lẹ́yìn àwẹ̀ tó kọjá, Fataou sọ níbi tí wọ́n ti ń mu kọfí pé òun lòun yan irin ṣáfùtù náà, pé àbúrò òun kàn bá òun yí i ni. Wọ́n sáré wá sọ fún Rahimath. Ó ń ta epo sí ẹ̀rọ rẹ̀, kò gbé ojú sókè.

"Ó dáa," ó ní. "Ọjọ́ tó bá já, ẹ lọ bá a."